Ẹ jáde nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ jẹ oúnjẹ àwọn tó ni ilẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń lọ ṣe ọjọ́ìbí ní Cancún, ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi ọjọ́ ti pẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí.

Ní Houston tí mo ń gbé yìí, agbára káká ni oṣù kan fi máa kọjá ká má gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ ṣe ogójì tàbí àádọ́ta ọdún ní etíkun Mẹ́síkò. Aṣọ funfun fún ọjọ́ àkọ́kọ́, aṣọ ẹbí fún ọjọ́ kejì, yàrá rẹpẹtẹ ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó kọjú sí òkun, DJ á bá wọn wọ bàálù láti ilé. Inú mi máa ń dùn sí i. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó ń sanwó ilé, tó tún ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, tó bá ní òun fẹ́ na ara òun sílẹ̀ létí òkun fún ọjọ́ mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni má pe òun, ta ni yóò bá a jiyàn? Mi ò bá ìgbádùn jà rárá.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ, à ń bọ̀, a ò rí Mẹ́síkò. Mọ́tò òtẹ́ẹ̀lì ló gbé wa ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n so ọ̀já mọ́ wa lọ́rùn ọwọ́, ó sì di ọjọ́ tí à ń padà sílé ká tó tún rí ìta géètì. Kí la jẹ? Pasta, bọ́gà, búrẹ́dì, ẹja sushi. Ó ku alẹ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n máa ń pè ní alẹ́ Mẹ́síkò, tí àwọn olórin á dé fìlà ńlá, tí wọ́n á bu taco tí kò ní ata fún wa. Ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí a dé sí, mo béèrè ata lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ wá. Ó kọ́kọ́ wò mí lójú bóyá mo mọ ohun tí mò ń wí. Ó wọlé lọ, ó sì gbé àwo kékeré kan wá láti ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun: ata habanero tí wọ́n sun lórí iná, tí wọ́n gún mọ́ iyọ̀ àti omi ọsàn kíkan. Mo fi kan ahọ́n, omi bọ́ lójú mi. Oúnjẹ gidi wà nínú ilé yẹn o! Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló wà, àwọn tó ń sè fún wa ló ń jẹ ẹ́, wọn ò sì gbé e síwájú àwa tí a sanwó.

Àwa gan-an ló sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká lára ju ẹlòmíràn lọ. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni àgbàdo ti wá. Koríko igbó kan tó ń jẹ́ teosinte ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ mú, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ń ṣa èso rẹ̀ lọ́dọọdún títí ó fi di àgbàdo tí a mọ̀. Àwọn ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí àtijọ́ wà lára ohun tó gbé e dé etíkun wa. Ògì tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, ẹ̀kọ tí a fi ń jẹ mọ́ínmọ́ín, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn yìí ni irúgbìn rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ìbẹ́pẹ náà, agbègbè ibẹ̀ ló ti wá. Habanero tí ọmọkùnrin yẹn gbé wá yìí, ọmọ ìyá kan ni òun àti ata rodo wa. Àwọn ará Yucatán, agbègbè tí Cancún wà, fi í yangàn débi pé láti 2010 ni òfin Mẹ́síkò ti dáàbò bo orúkọ habanero tó bá jẹ́ ti ilẹ̀ wọn. Ọmọ Yorùbá wá dé ilé àgbàdo, ilé ata, ó ń jẹ bọ́gà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Cancún ṣe di Cancún, torí ó máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé wa. Kì í ṣe ìlú àtijọ́. Títí di 1970, ilẹ̀ iyanrìn tóóró ni láàárín òkun Caribbean àti ọ̀sà Nichupté: igi àgbọn, ẹyẹ, èèyàn tó ṣeé kà lórí ìka. Báńkì àgbà ti ìjọba Mẹ́síkò ló wá ibi tí wọ́n lè kọ́ fún àlejò tí yóò mú dọ́là wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n sì mú. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ní 1974, ọdún kan náà tí Quintana Roo, ibi tí Cancún wà, di ìpínlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2020, àwọn tó ń gbé Cancún ti lé ní 800,000. Àwọn yẹn kì í gbé ní àdúgbò òtẹ́ẹ̀lì. Inú ìlú ni wọ́n wà. Bọ́ọ̀sì ń kó wọn wá síbi iṣẹ́ ní ìdájí, ó ń kó wọn padà lálẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti abúlé àwọn Maya, àwọn tó ni ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ní Yucatán, àwọn mìíràn láti Chiapas àti Tabasco. Àwọn ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Oúnjẹ ìyá wọn nìkan ni kò sí lórí tábìlì.

Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ọ̀hún ò jìnnà. Ẹ gba ọ̀nà ìlú Valladolid, nǹkan bíi wákàtí méjì láti Cancún. Kí ó jẹ́ Sunday, torí Sunday ni ọjọ́ cochinita pibil. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: wọ́n á lọ èso achiote mọ́ áyù, ata dúdú àti kànáfùrù, wọ́n á fi omi ọsàn kíkan pò ó títí yóò fi pọ́n bí osùn. Wọ́n á fi pa ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lára, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í. Wọ́n á wá gbé e sínú kòtò tí iná igi ti mú òkúta ibẹ̀ gbóná janjan, wọ́n á fi erùpẹ̀ bò ó, ó di àárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n mi Mùsùlùmí máa ń wà nínú irin-àjò wọ̀nyí, ẹ béèrè pollo pibil. Adìẹ ni wọ́n fi ṣe ìyẹn, èròjà kan náà, ewé kan náà. Ẹ kàn rí i dájú pé ọ̀tọ̀ ni ìkòkò rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sunday nínú ọjà, ìyá kan dúró ti agbada rẹ̀, ó ń tú ewé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ooru rú jáde, gbogbo ìsọ̀ náà kún fún òórùn ewé àti èéfín. Kò lo ọ̀bẹ. Ìka méjì ló fi ń fa ẹran ya, ó ń bọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó gbé e sórí tortilla, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ wọn, ó bu àlùbọ́sà pupa tó ti rẹ sínú omi kíkan lé e, ó nawọ́ àwo ata sí mi, ó sì ń wo ojú mi. Nígbà tó rí i pé mo bu ata náà ní ṣíbí kún, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá wò mí. Ìdùnnú tí mo rí lójú obìnrin yẹn, owó òtẹ́ẹ̀lì kankan ò lè rà á.

Tortilla yẹn fúnra rẹ̀, ẹ má fojú kékeré wò ó. Wọ́n ti se àgbàdo náà nínú omi tí wọ́n po ẹfun òkúta jíjó sí, wọ́n fi í sílẹ̀ sùn, èèpo bọ́ lára rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá lọ̀ ọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kí wọ́n tó gbé e sórí irin gbígbóná. Tó bá jinná, ó máa ń wú sókè fúnra rẹ̀ bí ẹni mí sínú. Ẹfun yẹn ló ń tú èròjà aṣaralóore kan sílẹ̀ nínú àgbàdo, tí ara fi ń rí i lò. Àwọn ará Yúróòpù kó àgbàdo lọ láìkó ọgbọ́n yìí mọ́ ọn, àìsàn pellagra sì pa àwọn tálákà tó ń jẹ ẹ́ ṣáá. Àwọn ìyá arúgbó inú abúlé ló ni ìmọ̀ yìí, ó sì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin wọn.

Ohun tó máa ya àwọn olóúnjẹ inú yín lẹ́nu jù ni sikil p'aak. Kóró elégédé ni wọ́n yan, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n pò ó mọ́ tòmátì sísun àti habanero. Mo tọ́ ọ wò, mo ní ẹ̀gúsí rèé! Kò pé, kò sí irú, kò sí epo, àmọ́ ahọ́n mi mọ ilé tó wọ̀. Panucho náà wà, tortilla tí wọ́n fi ẹ̀wà dúdú sínú kí wọ́n tó dín in, tí wọ́n kó adìẹ lé lórí. Létí òkun, ẹ béèrè tikin xic, ẹja odindi tí wọ́n fi achiote pa, tí wọ́n sun nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àwọn Maya kì í ṣe èèyàn inú ìtàn. Tulum tí gbogbo wa ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ìlú olódi ni, lórí àpáta tó ga sókè òkun, ọkọ̀ oníṣòwò ń gúnlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí Sípéènì tó dé. Ní 1847, àwọn Maya dìde ogun sí àwọn tó ń gba ilẹ̀ wọn, ọdún 1901 ni ìjọba Mẹ́síkò tó gba ìlú wọn tó wà nínú igbó Quintana Roo. Lónìí, àwọn tó ń sọ èdè Maya ti Yucatán lé ní 700,000. Tí ẹ bá dé ibẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹwàá wọ oṣù Kọkànlá, ẹ ó bá Hanal Pixán, ọjọ́ tí wọ́n ń sè fún àwọn òkú wọn. Wọ́n á tẹ́ tábìlì, wọ́n á to oúnjẹ tí olóògbé fẹ́ràn sórí rẹ̀, wọ́n á tan fìtílà, wọ́n á sun àkàrà àgbàdo ńlá kan nínú ilẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa dúró níwájú tábìlì yẹn tí kò ní mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Nípa omi: ilẹ̀ Yucatán ò ní odò tó ń ṣàn lókè. Òkúta ẹfun ló wà nísàlẹ̀, omi òjò ń rìn wọlé, ó ń gbẹ́ ihò lábẹ́ ilẹ̀, ibi tí òrùlé bá ti wó ló di cenote, omi tútù tó mọ́ gaara. Valladolid ní ọ̀kan láàárín ìlú, Zací lorúkọ rẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ fọ ìpara kúrò lára kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ̀ ọ́. Omi abẹ́ ilẹ̀ kan náà ni àwọn ará ibẹ̀ ń mu.

Ẹ tún gbọ́ èyí: gbogbo etíkun Mẹ́síkò, ti ará ìlú ni. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, ní 2020 wọ́n sì tún òfin náà ṣe kí òtẹ́ẹ̀lì tó bá dí ọ̀nà mọ́ aráàlú lè san owó ìtanràn. Iyanrìn tí a rò pé owó wa ló rà á, ti ìyá tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ni. Ẹ lọ sí etíkun Playa Delfines lọ́jọ́ Sunday, níbi tí wọ́n kọ orúkọ Cancún gàdàgbà sí. Ẹ ó rí ìdílé tó gbé agboòrùn àti oúnjẹ wá láti ilé, àwọn ọmọ ń sáré, ìyá àgbà jókòó sórí àga. Òkun kan náà ni, kò sí ẹni tó sanwó ìwọlé. (Láti oṣù Kẹrin títí di nǹkan bí oṣù Kẹjọ, koríko òkun sargazo lè bo iyanrìn náà, níwájú òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá pàápàá. Ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó mú ọjọ́.)

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé ìta ò fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rù tó yẹ ni, mi ò fi ṣeré. Àmọ́ Mẹ́síkò tóbi. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, láti ọ̀pọ̀ ọdún, fi ìpínlẹ̀ Yucatán, níbi tí Valladolid wà, sí ipele ìkìlọ̀ tó kéré jù lọ. Ẹ lọ lójúmọmọ, ẹ háyà bọ́ọ̀sì àti awakọ̀ tó mọ ọ̀nà, ẹ máa lọ lẹ́gbẹ́. A ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń rìn lẹ́gbẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò, ẹ má gba gbogbo oúnjẹ pọ̀ mọ́ owó yàrá fún gbogbo ọjọ́. Ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ fún ìta. Ẹ pe alásè òtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ ní kó sè fún yín bí wọ́n ṣe ń sè nílé rẹ̀, pẹ̀lú ata. Ẹ ní peso lọ́wọ́, ẹ fún àwọn tó ń sìn yín lówó lọ́wọ́, owó oṣù wọn ò tó nǹkan. Ẹ ra hipil, aṣọ àwọn obìnrin Maya, àti ibùsùn tí wọ́n ń so rọ̀ (hammock) lọ́wọ́ ẹni tó rán an tàbí tó hun ún.

Ẹni tó ń ṣe àádọ́ta ọdún ní oṣù Kejìlá tó ń bọ̀ ti gbọ́ tèmi. Mo máa wọ aṣọ funfun, mo máa jó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àmọ́ ní Sunday, Valladolid ni mo máa wà láàárọ̀, torí cochinita kì í pẹ́ tán. Àyè ṣì wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó bá ń bá mi lọ kó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀.