Sẹ́ẹ̀lì Tó Ń Kú Kọ́ Ni Ọ̀tá Ara

Nínú bọ́ọ̀sì láti Ìwó Road sí Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ẹ ó gbọ́ ọ: “Oògùn yìí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ara kú!” Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà bẹ́ẹ̀, pé àìsàn ló ń pa sẹ́ẹ̀lì, pé ara tó le ni ara tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í kú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí oògùn kan bá lè dá ikú sẹ́ẹ̀lì dúró lóòótọ́, jẹjẹrẹ ni yóò máa ṣínà sílẹ̀ fún.

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Èyí tó tẹ́ inú ìfun kì í sábà lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Nínú oyún, ọwọ́ ọmọ kọ́kọ́ máa ń rí bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì àárín ìka ló ń kú kí ìka tó yà. Bí wọn ò bá kú, ìka ọmọ náà á lẹ̀ mọ́ra títí wọn ó fi bí i.

Ẹ wo igi tíìkì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Igi náà fúnra rẹ̀ ló ń já ewé rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí a bá ṣẹ́ lójijì, ńṣe ni ewé rẹ̀ máa ń gbẹ mọ́ ọn lára, torí iṣẹ́ ni jíjá ewé, ẹ̀ka tó ti kú kò sì lè ṣiṣẹ́. Nígbà tí Kerr, Wyllie àti Currie sọ irú ikú yìí lórúkọ ní 1972, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó ń sọ nípa ewé tó ń já bọ́ ni wọ́n mú: apoptosis.

Inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni ohun èlò ikú náà wà. Mitokọ́ńdríà ni ilé agbára sẹ́ẹ̀lì, purotéènì kan tó ń jẹ́ cytochrome c sì ń bá a ṣiṣẹ́ nínú ilé náà. Purotéènì méjì, BAX àti BAK, lè dá ihò sí ara ilé yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta, BCL-2, ń dì wọ́n mú. Bí DNA bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, p53, purotéènì tó ń ṣọ́ DNA, á pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì ṣe purotéènì kan, PUMA, tí yóò gba ọwọ́ BCL-2 kúrò lára wọn. Ihò á lu, cytochrome c á jáde, á so mọ́ purotéènì mìíràn, Apaf-1. Apaf-1 méje á kóra jọ bí táyà kẹ̀kẹ́, caspase-9, ọ̀kan nínú àwọn purotéènì tó ń gé nǹkan, á jókòó sórí rẹ̀, á sì jí caspase-3. Ọ̀bẹ gidi ni caspase-3: ó ń gé àwọn purotéènì tó gbé sẹ́ẹ̀lì ró, ó sì ń tú èyí tó ń gé DNA sílẹ̀. Ọ̀rá kan tó máa ń kọjú sínú, phosphatidylserine, á yí síta. Àmì “ẹ wá jẹ mí” nìyẹn fún macrophage, agbálẹ̀ inú ara. Ó dé, ó kó gbogbo rẹ̀ mì, ibẹ̀ kò sì wú.

Ikú tó ń ba ara jẹ́ ni ti ẹ̀ka tí a ṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo parasitamọ́ọ̀lù. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò gbọdọ̀ ju hóró 8 oníwọ̀n 500 mg lọ láàárín wákàtí 24, títí kan èyí tó bá wà nínú oògùn òtútù tó tún ń lò pọ̀ mọ́ ọn. Bó bá pọ̀ jù, májèlé kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe láti ara rẹ̀, NAPQI, á jẹ glutathione, ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀, tán, á sì kọlu mitokọ́ńdríà. Agbára tán, sẹ́ẹ̀lì wú, ó bẹ́, ohun inú rẹ̀ sì dà síta. Ìdí nìyẹn tí ALT, purotéènì kan tó ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, fi ń ga nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ara onítọ̀hún lè dá ṣáká ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 8 tó lò ó ni oògùn acetylcysteine ń gbà á dáadáa jù. Ẹ má dúró de ìgbà tí ojú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Jẹjẹrẹ ńkọ́? Nínú irú kan tó ń jẹ́ follicular lymphoma, kúrómósóòmù 14 àti 18, tí í ṣe okùn DNA inú sẹ́ẹ̀lì, máa ń pààrọ̀ apá kan, BCL-2 á wá pọ̀ kọjá ààlà. Ní 1988, ìwádìí fi hàn pé BCL-2 kì í mú sẹ́ẹ̀lì pín kíákíá. Kò kàn jẹ́ kó kú ni. Ohun tí ẹni inú bọ́ọ̀sì ń polówó gan-an nìyẹn! Oògùn venetoclax, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2016 fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ń dí BCL-2 lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sókè fún irú jẹjẹrẹ yẹn: 20 mg lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, lẹ́yìn náà 50, 100, 200, kó tó di 400 ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá kú lọ bẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan náà, potáṣíọ̀mù àti uric acid á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n lè dí kíndìnrín, wọ́n sì lè dá ọkàn dúró. Aláìsàn ní láti máa mu omi lítà kan àtààbọ̀ sí méjì lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ méjì ṣáájú kó tó lo oògùn náà.

Burkitt lymphoma, irú jẹjẹrẹ mìíràn tó ń wú àwọn ọmọdé lẹ́rẹ̀kẹ́ ní agbègbè wa, tí àwọn dókítà ilé ìwòsàn UCH sì mọ̀ dáadáa, tún yàtọ̀. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, ó dà bí ojú ọ̀run tó kún fún ìràwọ̀. Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ macrophage tó ń jẹ sẹ́ẹ̀lì tó ti kú. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń kú rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n èyí tó ń bí ju èyí tó ń kú lọ, ó sì lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ń wú, tí eyín rẹ̀ sì ń mì láìtó àsìkò, ẹ má fi àgbo dá a dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Oògùn jẹjẹrẹ máa ń ran án gan-an bí wọ́n bá tètè gbé e dé.