Ẹ̀yin Ará Man U, Ó Tó Gẹ́ẹ́!

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣépè fún àwọn olólùfẹ́ Manchester United tó wà l'Ógbòmọ̀ṣọ́ yìí? Kí wọ́n ṣáà ti gbọ́ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun ń bọ̀, a ò ní í sinmi mọ́ ní Sábó. "Olùgbàlà ti dé!" Olùgbàlà wo? Láti ìgbà tí Ferguson, kóòṣì yín àtijọ́, ti fẹ̀yìn tì ní 2013, mélòó lẹ ti pè bẹ́ẹ̀? Moyes ò lo ọdún kan. Van Gaal gba ife FA ní 2016, kò ju ọjọ́ méjì lọ tí wọ́n fi ní kó máa lọ ilé. Ten Hag gba ife Carabao ní 2023, ó tún gba ife FA ní 2024, ẹ̀yin náà lẹ tún ń pariwo "Ẹ lé e!"

Ẹni tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù kọjá gọ́tà iwájú ilé ẹ̀ ló ń kọ́ kóòṣì níṣẹ́! Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ẹ ò gbọ́. Àwọn tó ni kílọ́ọ̀bù ńkọ́? Àwọn Glazer ti wà níbẹ̀ láti 2005 o! Ká ní ariwo yìí lẹ fi ń béèrè omi ẹ̀rọ ni, odò ì bá ti máa ṣàn nínú yàrá wa.

Ẹ dákẹ́ jàre, mo fẹ́ sùn.