Atẹ́gùn Gbé Yín Lọ, Ta Ni Yóò Gbé Yín Bọ̀?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹnu àbúrò bàbá mi ni ìbéèrè tó wà lókè yẹn ti jáde, ní Ìṣànlú, nígbà Kérésì tó kọjá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn ni pé èmi àti àbúrò mi ra ọkọ̀ ìgbòkun àlòkù kan sí Èkó, àti pé ìyàwó mi àtàwọn ọmọ máa ń bá wa wọ̀ ọ́. Tíṣà ni bàbá yìí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn kì í sọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọkọ̀ tó jẹ́ pé ibi tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí ló ń lọ. Bó bá gbé yín lọ, ta ni yóò gbé yín bọ̀?" Gbogbo ẹni tó wà ní pálọ̀ ló mi orí. Wọ́n tún fi Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 tì í lẹ́yìn: ṣé a ò kà á pé atẹ́gùn ṣòdì sí ọkọ̀ tó gbé Pọ́ọ̀lù, títí ìjì fi gbá a lọ síbi tí kò sẹ́ni tó fẹ́ dé?

N kò lè jiyàn lójú ẹsẹ̀, torí èmi náà ti gba ohun kan náà gbọ́ rí, ó sì ná mi lówó. Ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ọkọ̀ ìgbòkun tí ara rẹ̀ pé máa ń lọ sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ná mi lówó. Kí a tó sanwó, ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ náà gbé wa lọ sórí ọ̀sà. Ọkọ̀ onífáíbà ni, kò ju mítà 5 lọ. Atẹ́gùn ọ̀sán tó ń ti ìhà òkun wá wà lẹ́yìn wa, ìgbòkun yọ ikùn síta, ọkọ̀ ń sáré, inú wa ń dùn. Nígbà tó di pé ká padà, ó so ẹ́ńjìnnì kékeré mọ́ ìdí ọkọ̀, ó tàn án, a sì wálé. A ò béèrè ìdí. Kí la fẹ́ béèrè? Lójú tiwa, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ìgbòkun lọ tí a ń fi ẹ́ńjìnnì bọ̀. Bí a bá dán an wò láti fi ìgbòkun padà, ńṣe lọkọ̀ ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn.

Bàbá arúgbó kan tó ti ń tukọ̀ láti kékeré wò wá títí lọ́jọ́ kan, ó ní ká fà á sórí iyanrìn, ká dà á délẹ̀. Ó na ìka sí abẹ́ rẹ̀: "Pátákó tó yẹ kó wọ inú omi dà?" Ó ti kán, ó ku kúkúté. Ẹni tó tà á fún wa ò sọ, àwa náà ò sì mọ̀ pé ó yẹ ká wò ó.

Pátákó yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní Ìṣànlú, lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ìbéèrè yẹn, àbúrò bàbá mi ń jẹ ọsàn níwájú ilé, mo gba kóró tútù kan lọ́wọ́ wọn, mo fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá fún un. Ó ta síwájú, fìrì! Kò sí èyí tó lọ síwájú nínú ìka méjèèjì, àmọ́ kóró lọ. Ìgbòkun ni ìka kan, pátákó inú omi ni ìkejì. Atẹ́gùn ń ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi ò jẹ́ kí pátákó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, iwájú nìkan ló kù fún ọkọ̀.

Ìgbòkun fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe àpò lásán. Ẹ rántí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò níbí: ẹ̀gbẹ́ ilé ni atẹ́gùn ń gbà kọjá, òkè ni páànù ń lọ, torí atẹ́gùn tó ń sáré kọjá lórí òrùlé máa ń fà á. Bẹ́ẹ̀ ló ń fa ìgbòkun tí wọ́n rán dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ìgbòkun àlòkù tó ti rọ̀ jọ̀bọ̀ fi lè bá atẹ́gùn lọ dáadáa, kó má lè padà.

Kò sí ọkọ̀ ìgbòkun tó lè dojú kọ atẹ́gùn ní tààrà o. Ìgbòkun á kàn máa gbọ̀n pàpàpà ni, ọkọ̀ á dúró. Ọ̀pọ̀ wọn ní láti yà tó nǹkan bíi dìgírì 45. Ọ̀nà mọ́tò tó gun Òkè Pátì ní Lọ́kọ́ja ni kí ẹ fi wò ó: ó yà sọ́tùn-ún, ó ṣẹ́rí sósì, kò kọjú sí orí òkè gan-an, síbẹ̀ ẹ ó débẹ̀. Ìrìn kìlómítà 1 á di nǹkan bíi 1.4.

Bàbá wá bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọkọ̀ onísítíìmù ni oníṣòwò òyìnbó Macgregor Laird kó wọ odò Ọya lọ́dún 1832. Ìbéèrè gidi ni. Odò ń ṣàn bọ̀ wá pàdé ọkọ̀, igi etí odò ń dí atẹ́gùn, ibi tó jìn fún ọkọ̀ ńlá kò sì fẹ̀ tó láti máa yà sọ́tùn-ún sósì. Àyè ló há, kì í ṣe pé ìgbòkun ò mọ̀nà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, ní Walvis Bay ní Nàmíbíà, ọkọ̀ ìgbòkun Vestas Sailrocket 2 sá eré kìlómítà 121 ní wákàtí kan. Eré atẹ́gùn ọjọ́ náà kò tó ìdajì ìyẹn. Ohun tí atẹ́gùn kàn ń tì láti ẹ̀yìn, báwo ni yóò ṣe ya atẹ́gùn sílẹ̀?

Káfíńtà ti gbẹ́ pátákó tuntun fún wa. Àtìgbà náà ni àwọn ọmọ ti fẹ́ràn ọkọ̀ yìí. Bí a bá ń bá atẹ́gùn lọ, oorun ló ń gbé wọn. Bí a bá ń padà, kò sẹ́ni tí kò níṣẹ́: ìyàwó mi di ìtọ́kọ̀ mú, ọmọbìnrin mi ọlọ́dún 12 ń fa okùn ìgbòkun iwájú, àbúrò rẹ̀ ń ṣọ́ rìbọ́nì tí a so mọ́ òpó láti mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ìyá wọn á ní, "Ẹ múra!" A ó tẹrí ba kí igi ìgbòkun tó fò kọjá, a ó sáré bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ kan ilẹ̀ ọkọ̀ náà wò, ibi tó bá dún bọ̀lọ̀ ti lè jẹrà nínú. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹni tó ń tà á pa ẹ́ńjìnnì, kó fi ìgbòkun gbé yín padà wá kí owó tó kúrò lápò yín. Bó bá ní atẹ́gùn òní ò dáa, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Bàbá ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó fúnra wọn nígbà Àjíǹde. Mo ti ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì tiwọn.