Òwò omi odò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa ní Ìkòròdú, a sì máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn tó mọ̀wé dáadáa. Wọ́n ní bí àgbẹ̀ kan bá ní ẹ̀tọ́ láti fa omi odò sí oko rẹ̀, tí ó sì yàn láti ta omi náà fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ti parí sáàárín ẹni tó tà àti ẹni tó rà. Olówó ti gba owó, olómi ti gba omi, kí ló wá kan ará àdúgbò? Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá. Ẹni tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àgbàlá rẹ̀, tí ó ń tà fún àwọn ọlọ́kọ̀ táńkà, kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè kí ó tó tà á, nítorí náà ó rọrùn láti rò pé bákan náà ni ti odò rí. (Omi kànga náà ní tirẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.) Ní ti omi odò, èrò yìí kò tọ̀nà rárá, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà ní gbangba.

Orílẹ̀-èdè Ọsirélíà ni mo fẹ́ kí a wò, nítorí pé díẹ̀ ni ibi tí òwò omi ti gbilẹ̀ tó ti wọn. Ilẹ̀ tí odò Murray, odò Darling àti gbogbo odò tó ń ṣàn wọ inú wọn ń gba kọjá tóbi ju gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà lọ. Ní 1995, wọ́n pààlà sí iye omi tí àwọn ènìyàn lè fà nínú àwọn odò náà, nítorí wọ́n ti ń fà á ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tó di 2004, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn kan tó mú kí ẹ̀tọ́ omi yàtọ̀ pátápátá sí ẹ̀tọ́ ilẹ̀. Àgbẹ̀ lè ta omi ọdún kan ṣoṣo kí ẹ̀tọ́ náà sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè ta ẹ̀tọ́ náà títí láé kí ilẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ láìní omi.

Ọ̀dá ńlá kan mú agbègbè náà láti nǹkan bíi 1997 títí di 2009. Ní ọdún 2007 sí 2008, owó tí wọ́n ń san lórí mílíọ̀nù lítà omi kan ju dọ́là Ọsirélíà 1,000 lọ ní àwọn ìgbà kan. Ọ̀dá yẹn ló kọ́kọ́ pa àwọn olóko ìrẹsì lára, nítorí ìwọ̀nba omi díẹ̀ ni wọ́n pín fún wọn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn tà á fún àwọn ọlọ́gbà àjàrà àti èso, nítorí èrè rẹ̀ ju ti ìrẹsì lọ. Ìrẹsì tí gbogbo Ọsirélíà kórè lọ́dún náà kò tó 20,000 tọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ṣáájú ọ̀dá náà, ní ọdún tí omi bá pọ̀, ó máa ń ju mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ. Ní ìlú Deniliquin, ilé iṣẹ́ ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní èyí tó tóbi jù lọ ní ìhà gúúsù ayé ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní òpin 2007, kò sì tún ṣí títí di 2011. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn awakọ̀ tó ń kó ìrẹsì wá, àwọn tó ń tún katakata ṣe, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ta omi, owó omi kò sì dé ọwọ́ wọn.

Mo fẹ́ kí ará Ìkòròdú fi ọkàn bá èyí lọ, nítorí àwa náà ní ilé iṣẹ́ ìrẹsì ní Ìmọ̀tà, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní 2023, tí agbára rẹ̀ sì tó tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ bí ìrẹsì kò bá wá láti oko, ìrẹsì kò sì lè wá láti oko tí omi rẹ̀ ti lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó ta omi rẹ̀ ti gba owó tirẹ̀; ẹni tó gbé iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lé ẹ̀rọ náà ni yóò jókòó sílé.

Ọ̀nà kejì tí ọ̀rọ̀ náà ń gbà kan aládùúgbò kì í hàn kíákíá, òun ló sì dùn mí jù. Omi kì í dédé dé oko. Ojú ọ̀nà omi kan ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ jọ ń lò, wọ́n sì jọ ń san owó àtúnṣe rẹ̀ ni. Ká ní àgbẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n wà lójú ọ̀nà náà, tí mẹ́rin nínú wọn sì ta ẹ̀tọ́ omi wọn lọ títí láé. Ọ̀nà omi náà kò kúrú sí i, omi tí ilẹ̀ ń fà mu lọ́nà kò dín kù, ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ń sé omi, tó bá bàjẹ́, ṣì nílò àtúnṣe, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́fà ni yóò máa san ohun tí ẹni mẹ́wàá ń san. Nígbà tí owó náà bá wọ wọ́n lọ́rùn, ẹni kan tún lè tà nínú àwọn mẹ́fà yẹn, kì í ṣe pé ó fẹ́ tà, bí kò ṣe pé apá rẹ̀ kò ká a mọ́. Ní àríwá ìpínlẹ̀ Victoria, níbi tí wọ́n ti ń sin màlúù fún wàrà, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, débi pé àwọn aláṣẹ ní láti máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ jáde kúrò lójú ọ̀nà omi pátápátá, kí ẹrù náà má bàa wọ àwọn tó ṣẹ́kù lọ́rùn jù.

Odò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo odò Goulburn ní Victoria kan náà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó yẹ kí odò yẹn fà, kí ó máa rọra ṣàn nísàlẹ̀, kí bèbè rẹ̀ sì yọ síta. Orí bèbè náà ni koríko ti ń ta gbòǹgbò tó ń di ilẹ̀ mú, inú omi tí kò jìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ni ọmọ ẹja ti ń wá oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ àfonífojì Goulburn ta omi wọn fún àwọn olóko almond tó wà nísàlẹ̀ odò Murray, lápá Mildura lọ́hùn-ún. Odò Murray sì há ní ibi kan tí wọ́n ń pè ní Barmah, kò lè gba ju nǹkan bíi bílíọ̀nù lítà 7 lójúmọ́ láìjẹ́ pé ó dà sínú igbó, nítorí náà inú Goulburn, tó ń ṣàn wọ Murray nísàlẹ̀ Barmah, ni wọ́n gbé omi tí wọ́n tà náà gbà, àárín ẹ̀ẹ̀rùn sì ni, nítorí ìgbà náà ni igi almond ń mu omi jù. Ní ẹ̀ẹ̀rùn 2018 sí 2019, odò náà kún fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ní àsìkò tó yẹ kí ó fà. Koríko rà sábẹ́ omi, bèbè tó ti rin gbingbin sì ń ya lulẹ̀. Iye omi tó wà nínú ìwé òwò náà pé pérépéré. Àsìkò tí omi gbà kọjá ló ba odò jẹ́.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa láti gbà gbọ́. Ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó jìnnà sí wa, síbẹ̀ bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà òjò, àwọn ará Ìtòwòlò àti Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú mọ̀ ọ́n nínú yàrá wọn. Wọn kò sí níbi tí wọ́n ti pinnu rẹ̀. Àwọn apẹja ọ̀sà náà mọ̀ pé omi dídùn tí àwọn odò ń gbé wá ló ń lé omi iyọ̀ sẹ́yìn nígbà òjò, àti pé irú ẹja tó ń wọ àwọ̀n wọn ń tẹ̀ lé e.

Èmi kò sọ pé òwò omi kò dára rárá. Nínú ọ̀dá tí mo mẹ́nu bà, olóko ìrẹsì lè fi ọdún kan sílẹ̀ láìgbìn, ṣùgbọ́n igi èso tó bá gbẹ, ó di ọ̀pọ̀ ọdún kí òmíràn tó so; òwò náà ló gba ọ̀pọ̀ igi là, owó rẹ̀ sì san gbèsè àwọn olóko kan. Ìjọba Ọsirélíà pàápàá ń ra ẹ̀tọ́ omi láti dá a padà sínú odò. Kò sì tọ́ kí a di ẹ̀bi gbogbo aburú ru òwò náà: àwọn ẹja tó kú ní Menindee, létí odò Darling, láàárín 2018 sí 2019, ọ̀dá àti omi tí wọ́n fà lápá òkè odò ló pa wọ́n, kì í ṣe káràkátà omi fúnra rẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn tó ti ṣe òwò yìí pẹ́ kò gbà mọ́ pé ẹni méjì nìkan ni ó kàn. Victoria ti dín iye omi tí wọ́n lè gbé gba inú Goulburn ní ẹ̀ẹ̀rùn kù. Ní 2021, àjọ tó ń mójú tó òwò ní Ọsirélíà sọ nínú ìròyìn rẹ̀ pé òfin tó de àwọn alágbàtà omi kò tó, wọ́n sì ṣe òfin tuntun ní 2023. Níhìn-ín, òfin omi ti 1993 fi ìṣàkóso àwọn odò tó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun sì wà lára wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá mú àbá títa omi wọn wá, ìbéèrè tó yẹ kí ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ bi í ṣáájú ọ̀rọ̀ iye owó nìwọ̀nyí: oṣù wo ni omi náà yóò kọjá, inú odò wo ni yóò gbà, ta ni yóò máa san owó ọ̀nà omi tí wọ́n fi sílẹ̀, èló ni yóò sì ṣẹ́kù tí yóò dé ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?