Ẹ jẹ́ ká fi iye iná oòrùn wé ohun tó yẹ

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo ń rí àwọn tó ń sọ pé ká ní ìjọba àpapọ̀ kò jẹ́ kí àdéhùn iná oòrùn ọdún 2016 wọmi ni, iná ìbá ti dín owó fún wa, nítorí pé sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà 11.5 tí wọ́n fẹ́ máa san lórí yúníìtì kan kò tó iye tí àwa tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́, ń san báyìí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò dúró.

Oṣù Keje ọdún 2016 ni NBET, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ra iná lọ́wọ́ àwọn tó ń pèsè rẹ̀, tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú iléeṣẹ́ 14 fún iná tó lé ní mẹ́gáwáàtì 1,000. Nígbà náà, sẹ́ǹtì 11.5 kò ju nǹkan bíi ₦35 lọ. Bí a bá ka dólà kan sí ₦1,500, ó ti di ₦172.50, nígbà tí Band A wà ní ₦209.50 láti oṣù Keje ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ₦172.50 yẹn jẹ́ iye iná ní ẹnu ọgbà ibi tí wọ́n ti ń pèsè rẹ̀. Kò tíì gba orí wáyà TCN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbé iná láti ibi tí wọ́n ti ń pèsè rẹ̀, kò tíì dé ọwọ́ àwọn tó ń pín in kiri, olè kò sì tíì jí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi í wé iye tí à ń san nílé ń fi iye iṣu lóko wé iye iyán ní búkà ni. Bí mo bá fi ₦10,000 ra káàdì, wọ́n á kọ́kọ́ yọ VAT, yúníìtì 44 àti díẹ̀ ni yóò sì wọ mítà. Owó wáyà àti owó iná tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà ti wà nínú iye yẹn. Ti àwọn tí kò sí ní Band A tún yàtọ̀, nítorí ìjọba ló ń gbé lára owó tiwọn.

Àwíjàre wà fún ìjọba nígbà tó ní kí àwọn iléeṣẹ́ 14 náà dín sẹ́ǹtì 11.5 kù sí sẹ́ǹtì 7.5. Ní ọdún 2016 yẹn kan náà, orílẹ̀-èdè Zambia pe àwọn oníṣòwò síbi ìdíje, Báǹkì Àgbáyé dúró tì wọ́n, ẹni tí iye rẹ̀ kéré jù lọ sì gbà á ní nǹkan bíi sẹ́ǹtì 6. Àwa kò ṣe ìdíje kankan fún àwọn 14 wọ̀nyí. Ohun tí mo bínú sí ni pé ọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà náà falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí pé a rí iná kankan gbà níbẹ̀, yálà ní 11.5 tàbí ní 7.5.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá a pàdánù, iye tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi gáàsì pèsè iná ń tà á fún NBET ní ẹnu ọgbà tiwọn ló yẹ ká gbé síwájú. Lóòótọ́, gáàsì ń ṣiṣẹ́ lóru, oòrùn kì í ràn lóru, a sì gbọ́dọ̀ ka ìyẹn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n dólà ni wọ́n fi ń díye lé gáàsì náà, nítorí náà ẹni tó ń sọ pé dólà ló ba àdéhùn iná oòrùn jẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó rí sí ti gáàsì.