Ẹ yé fi bẹ́ẹ̀dì bú géèmù Zelda

Okun ẹ o, ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn lórí géèmù The Legend of Zelda: Echoes of Wisdom, torí ohun tí àwọn bọ̀dá tó ń gbá géèmù ní Kabba níbí ń sọ nípa ẹ̀ ti sú mi. Wọ́n ní géèmù ọmọdé ni, wọ́n ní kò sí ìjà gidi níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì lásán lèèyàn á máa tò títí á fi parí. Mi ò gbà rárá.

Kí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n lè bá wa lọ: 1986 ni Zelda àkọ́kọ́ jáde, àtìgbà yẹn Link, akọni ọkùnrin inú ẹ̀, ló sábà máa ń gbé idà, ọmọbìnrin tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe géèmù á sì wà níbì kan tó ń retí ẹni tó máa gbà á sílẹ̀. Nínú èyí tí Nintendo, ilé-iṣẹ́ tó ni Zelda, gbé jáde fún Switch, ẹ̀rọ géèmù wọn, ní September 2024, Link gan-an ni ihò abàmì gbé mì níbẹ̀rẹ̀, ó wá ku Zelda. Àwọn méjì ló darí iṣẹ́ náà, obìnrin sì ni ọ̀kan nínú wọn, Tomomi Sano. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an.

Ọ̀pá ni wọ́n fún Zelda. Ẹ̀dá kékeré kan tó ń jẹ́ Tri ló gbé e fún un nínú ẹ̀wọ̀n, nǹkan tó bá fi ọ̀pá yẹn kàn, tábìlì o, àpótí o, bẹ́ẹ̀dì àlòkù o, á lè mú ẹ̀dà ẹ̀ jáde níbi tó bá wù ú, ẹranko burúkú tó bá sì ṣẹ́gun náà á di tiẹ̀, á máa bá a jà. Ó tún lè so nǹkan mọ́ra kó máa wọ́ ọ kiri, tàbí kó yí i padà kí òun fúnra ẹ̀ máa tẹ̀lé ibi tí nǹkan ọ̀hún bá ń lọ.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá lo họlidé láti Isanlu, a dé ẹ̀gbẹ́ àpáta kan tó ga, èmi ti ń to ẹ̀dà omi onígun mẹ́rin lérí ara wọn kí Zelda lúwẹ̀ẹ́ gòkè nínú ẹ̀, ọmọ yìí ní "Àǹtí, ẹ dúró ná, ẹ fún mi." Ló bá pe aláǹtakùn jáde, ó gbé e sára àpáta, ó so Zelda mọ́ ọn, aláǹtakùn ń gun òkè lọ, Zelda ń gòkè tẹ̀lé e bí ẹni pé wọ́n ń fà á lókùn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Géèmù ò sọ fún èmi tàbí òun pé ọ̀nà tiwa kọ́ ló yẹ.

Ní ti bẹ́ẹ̀dì, òótọ́ ni pé ó wúlò, o lè fi ṣe àtẹ̀gùn, o lè fi ṣe afárá, kódà o lè sùn lé e kí ara ẹ yá. Ṣùgbọ́n agbára Tri tá a fi ń mú ẹ̀dà jáde ní ìwọ̀n o! Tó o bá ti kọjá ẹ̀, èyí tó o kọ́kọ́ mú jáde á parẹ́, tó o bá ń sọdá ọ̀gbun, ńṣe lo máa ṣe bíi bíríkìlà tó ń yọ pákó ẹ̀yìn tó ń tẹ́ ẹ síwájú. Ìṣirò nìyẹn. Ẹranko tó lágbára sì ń jẹ agbára ju bẹ́ẹ̀dì lọ, o gbọ́dọ̀ yan èyí tó o fẹ́. Ẹni tó ní kò sí ọgbọ́n níbẹ̀ kò tíì débi tó le.

Àléébù tí mo rí ni pé wọ́n to gbogbo ẹ̀dà yẹn sórí ìlà kan ṣoṣo, wọ́n sì lé ní ọgọ́rùn-ún, wàá máa yí i títí ọ̀tá á fi lù ẹ́. Èkejì ni pé wọ́n ṣì wá ọ̀nà fún Zelda láti mú idà fúngbà díẹ̀. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ẹni tó ti ń fi aláǹtakùn gun òkè! Tí Nintendo bá máa ṣe òmíràn fún un, kí wọ́n yọ idà yẹn kúrò pátápátá, kí wọ́n to àwọn ẹ̀dà yẹn ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí, màá wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ rà á.