Kì í ṣe Amẹ́ríkà ló gba de Valera lọ́wọ́ ikú o

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Tí wọ́n bá ti dárúkọ Éamon de Valera, tíṣà ìṣirò tó padà wá di olórí ìjọba Írẹ́lándì, ẹnì kan á ṣáà sọ pé torí New York ni wọ́n bí i sí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò ṣe yìnbọn pa á ní 1916, nígbà tí àwọn ará Írẹ́lándì dìtẹ̀ mọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Dublin, pé ẹ̀rù Amẹ́ríkà ló bà wọ́n. Rárá o.

Lóòótọ́, New York ni wọ́n bí i sí, ní 1882. Lóòótọ́ náà ni pé ìyàwó ẹ̀, Sinéad (tíṣà lòun náà, òun ló kọ́ ọ lédè Irish), sáré lọ bá aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Dublin pé kí wọ́n gba ọkọ òun sílẹ̀. Àmọ́ ẹ wo Tom Clarke, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ọ̀tẹ̀ yẹn. Clarke ti gbàwé ọmọ Amẹ́ríkà, ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ni wọ́n yìnbọn pa á, ó wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n kọ́kọ́ pa. Níbo ni ẹ̀rù Amẹ́ríkà wà nígbà yẹn?

Thomas Ashe tí òun náà wà nínú ọ̀tẹ̀ yẹn ńkọ́? Ọmọ Kerry ní Írẹ́lándì ni, tíṣà náà ni, kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà rárá. Ọjọ́ 8 lòun àti de Valera fojú ba kóòtù àwọn sójà, ikú ni wọ́n dá fáwọn méjèèjì, wọ́n sì yí i sí ẹ̀wọ̀n gbére fáwọn méjèèjì.

Pípẹ́ tó pẹ́ kó tó kàn án ló gbà á, de Valera fúnra ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó dàgbà. Boland's, ilé búrẹ́dì kan ní Dublin, ló ti ń jà, ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ló tó túúbá, kó tó kàn án ní kóòtù inú ti ń bí àwọn ará Írẹ́lándì gidi gan-an sí pípa tí wọ́n ń pa èèyàn lójoojúmọ́, Asquith, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sì ti ń fi wáyà ránṣẹ́ láti London sí Ọ̀gágun Maxwell, olórí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ní Írẹ́lándì, pé kó rọra ṣe. Àwọn méjì tí wọ́n yìnbọn pa kẹ́yìn lọ́jọ́ 12, Connolly àti Mac Diarmada, fọwọ́ síwèé tí wọ́n fi kéde òmìnira, de Valera ò fọwọ́ sí i. Wylie tó ń rojọ́ fún ìjọba ní kóòtù yẹn sọ lẹ́yìn náà pé Maxwell bi òun bóyá ọkùnrin yìí lè dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, òun sì dáhùn pé òun ò rò pé ó tó bẹ́ẹ̀. (Ẹ má wá sọ pé iṣẹ́ tíṣà ló yọ ọ́ o, Pearse tó jẹ́ aṣáájú ọ̀tẹ̀ náà nílé ìwé tiẹ̀, wọ́n pa á.)

Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, ó sì wọlé ìbò aṣòfin ní East Clare. Ní 1932 ó di olórí ìjọba, ní 1940 ìjọba ẹ̀ dá iléeṣẹ́ ìwádìí ìmọ̀ gíga sílẹ̀ ní Dublin, Schrödinger, onímọ̀ físíìsì tó lókìkí, gan-an ṣiṣẹ́ níbẹ̀, láti 1959 dé 1973 ló sì jẹ́ ààrẹ.

Ashe tí wọ́n jọ dá sí ò rí ìkankan nínú ẹ̀. Oṣù kẹsàn-án 1917 ló febi panu lẹ́wọ̀n, wọ́n fi túùbù ti oúnjẹ sí i lọ́fun tipátipá, ó kú ní ọmọ ọdún 32. De Valera lo 92.